Ọjọ́ tí O'Connell dá èrò padà ní Clontarf, àti ẹjọ́ tó tẹ̀lé e

Ní ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 1843, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìwé mọ́ ara ògiri káàkiri ìlú Dublin. Earl de Grey, ajẹ́lẹ̀ Ọbabìnrin Victoria ní ilẹ̀ Áyálándì, àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Àpéjọ tí àwọn tó ń béèrè kí ilé aṣòfin padà sí Áyálándì fẹ́ ṣe lọ́jọ́ kejì ní Clontarf, létí òkun nítòsí ìlú náà, kò gbọdọ̀ wáyé. Kí gbogbo ará ìlú jìnnà síbẹ̀.

Àwọn àgbà ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n ogun ọjọ́ Àìkú tí wọ́n wí lọ́sàn-án Sátidé, ṣé a lè pe ìyẹn ní àwítẹ́lẹ̀? Ó ti pẹ́ tí tọmọdé tàgbà ti gbọ́ nípa àpéjọ náà. Nígbà tí ìwé ìjọba fi jáde, àwọn kan ti gbéra ní Meath àti Kildare, àwọn ọmọ Áyálándì tó ń ṣiṣẹ́ ní Liverpool ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Kò sí tẹlifóònù, kò sí rédíò. Ìjọba ní tiwọn ti kó ọmọ ogun jọ, ọkọ̀ ogun ti wà lójú omi, ìbọn ńláńlá sì wà ní odi Pigeon House tó kọjú sí Clontarf láti òdìkejì omi. Bí èrò bá dé pápá yẹn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú láìmọ ohun tó ń lọ, tí ẹnì kan ṣoṣo bá ju òkò, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan ni gbogbo ojú yí sí. Daniel O'Connell, ẹni ọdún 68, agbẹjọ́rò, aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ti jẹ olórí ìlú Dublin rí. Wákàtí díẹ̀ ló ní láti pinnu.

Kó tó di pé mo sọ ohun tó ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe dé ibẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ ohun tó ti sọ sẹ́yìn kò ní mọ bí ìpinnu náà ti wúwo tó.

Ọmọ Kerry ni, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Áyálándì. Ọdún 1775 ni wọ́n bí i. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni wọ́n nílé wọn, bí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará Áyálándì, òfin Gẹ̀ẹ́sì sì ti tẹ àwọn ọmọ Àgùdà mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ilẹ̀ Faransé ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ rán an lọ kàwé. Nígbà tí àwọn ará Faransé bẹ́ orí ọba wọn lóṣù Kìíní ọdún 1793, ó sá kúrò níbẹ̀, ohun tó sì rí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ọdún 1798 tó di agbẹjọ́rò gan-an ni ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Áyálándì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kú, kò sí ohun tí wọ́n rí gbà. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì fagi lé ilé aṣòfin tí Áyálándì ní ní Dublin, tí wọ́n so ìlú méjèèjì pọ̀ lábẹ́ Òfin Ìdàpọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1801, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń ṣe òfin fún Áyálándì.

Nǹkan kan tún wà. Lọ́dún 1815, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ John D'Esterre pè é níjà ìbọn nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ nípa àwọn aláṣẹ ìlú Dublin. O'Connell yìnbọn, D'Esterre kú. Ó ní òun á pín owó òun pẹ̀lú opó ọkùnrin náà. Opó kọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kó máa fún ọmọbìnrin olóògbé lówó lọ́dọọdún. Ó ń san án títí tó fi kú. Láti ìgbà yẹn, kò gba ìjà ìbọn mọ́, ó sì ń sọ léraléra pé kò sí òmìnira kan tó tó ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ èèyàn kan. Tèmi ni pé ẹni tó ti pààyàn rí, tó mọ bó ṣe rí, ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.

Ọ̀nà tó bá ìjọba jà ni owó kékeré àti èrò púpọ̀. Láti 1824, kọ́bọ̀ kan lóṣù ni tálákà ń dá fún ẹgbẹ́ rẹ̀, àlùfáà ń gbà á lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dún 1828, ó du ipò aṣòfin ní Clare, ó sì wọlé, nígbà tí òfin kò gbà kí ọmọ Àgùdà jókòó nílé aṣòfin láìbúra pé irọ́ ni ẹ̀sìn òun. Ẹ̀rù ba ìjọba pé ogun lè bẹ́. Wọ́n yí òfin padà ní 1829. Kò sí ẹni tó yìnbọn. Ohun tó ṣe nígbà yẹn náà ló fẹ́ tún ṣe ní 1843: kí èrò pọ̀ débi pé Lọ́ńdọ̀nù á gbà, kí wọ́n fagi lé Òfin Ìdàpọ̀, kí ilé aṣòfin padà sí Dublin, lábẹ́ Ọbabìnrin kan náà.

Ó pe 1843 ní ọdún ìfagilé. Àpéjọ tẹ̀lé àpéjọ, ní Trim, ní Mallow, ní òkè Tara níbi tí àwọn ọba àtijọ́ ti ń jọba. Ti Tara, ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, àwọn kan pè é ní mílíọ̀nù kan èèyàn. Àwọn òpìtàn òde òní dín in kù, síbẹ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye ni. Wọ́n ń wá pẹ̀lú ìlù àti fèrè, kò sí ìjà, kò sí ọtí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, olórí ìjọba, Robert Peel, ti sọ lóṣù Karùn-ún pé kò sí agbára tí ìjọba òun kò ní lò láti mú ìdàpọ̀ náà dúró, àti pé ogun abẹ́lé sàn ju kí ilẹ̀ ọba fọ́ lọ.

Ní Mallow, ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà, O'Connell fún Peel lésì. Ó ní wọ́n lè tẹ òun mọ́lẹ̀ o, ṣùgbọ́n òkú òun ni wọ́n á tẹ̀, kì í ṣe òun láàyè. Ẹyin lohùn. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dúró dè é ní Clontarf.

Clontarf fúnra rẹ̀ kì í ṣe ibi lásán. Ibẹ̀ ni ọba Brian Boru ti borí lọ́dún 1014, tó sì kú sí. Àwọn tó kọ ìkéde àpéjọ náà lo èdè ogun: wọ́n ní kí àwọn agẹṣin tò bí ẹgbẹ́ ọmọ ogun. O'Connell ní kí wọ́n tún un kọ, ṣùgbọ́n ìjọba ti rí ohun tí wọ́n ń wá.

Ó dáa. Ọ̀sán Sátidé. Àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ pàdé nínú ọ́fíìsì wọn ní Corn Exchange létí odò Liffey. O'Connell kò jẹ́ kí àríyànjiyàn gùn. Ó ní àpéjọ kò sí mọ́. Ó sọ̀rọ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti ìjọba. Wọ́n rán agẹṣin sí gbogbo ojú ọ̀nà tó wọ ìlú. Tom Steele, onílẹ̀ kan láti Clare tó jẹ́ ọmọ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, tí O'Connell fi ṣe olórí àwọn tó ń pẹ̀tù sí èrò, gbé ẹṣin, ó ń pàdé àwọn èèyàn lójú ọ̀nà, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí padà. Wọ́n tú pèpéle tí wọ́n ti kàn sí pápá kí ilẹ̀ tó mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ọmọ ogun dúró tìbọn-tìbọn ní Clontarf. Kò sí èrò. Àwọn díẹ̀ tó dé ibẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, wọ́n lọ. Kò sí ẹnì kan tó kú.

Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, àwọn kan ń pe ohun tó ṣe ní ojo. Wọ́n ní ó ti búra ní Mallow, ó sì sá ní Clontarf. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó ń kọ ìwé ìròyìn The Nation, bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó lójú míì. Mo mọ ìdí tó fi dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò gbà fún wọn. Ọ̀rọ̀ Mallow, ara òun nìkan ló fi búra. Ní Clontarf, ara ọmọ ọlọ́mọ ló wà níwájú ìbọn. Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bógun lọ. Ọkùnrin tó mọ̀ pé wọ́n á pe òun ní ojo lọ́jọ́ kejì, tó sì tún fọwọ́ sí ìwé náà, tó sì rán ẹṣin síta kí ọmọ ẹnikẹ́ni má bàa kú, èmi kò rí ìgboyà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gbogbo ìtàn ayé rẹ̀, àti ti 1828 pàápàá.

Ẹni tó dá èrò padà ni wọ́n sì fẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kàn. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, wọ́n mú ìwé ẹ̀sùn wá. Wọ́n mú ọmọ rẹ̀ John, wọ́n mú akọ̀wé ẹgbẹ́, wọ́n mú Tom Steele tó ń bẹ èèyàn lójú ọ̀nà, wọ́n mú àlùfáà méjì, wọ́n mú àwọn olóòtú ìwé ìròyìn mẹ́ta, Charles Gavan Duffy ti The Nation wà lára wọn. (Duffy yìí ló di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà lẹ́yìn-ọ-rẹyìn.) Ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà náà kú kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀sùn mọ́kànlá ló wà nínú ìwé náà, ó sì gùn gan-an. Kókó rẹ̀ ni pé wọ́n gbìmọ̀ pọ̀ láti fi èrò rẹpẹtẹ dẹ́rù ba ìjọba, láti tu ọkàn àwọn ọmọ ogun, àti láti mú káwọn èèyàn kẹ́gàn ilé ẹjọ́ Ọbabìnrin.

Nínú irú ìgbẹ́jọ́ yìí, adájọ́ kọ́ ló ń sọ pé ẹnì kan jẹ̀bi. Àwọn ará ìlú méjìlá ni wọ́n ń kó jókòó, àwọn ni wọ́n ń pè ní júrì, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn labẹ gé. Ẹni tó bá yan júrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ẹjọ́ tán. Inú orúkọ àwọn tó lówó lọ́wọ́ ní Dublin ni wọ́n ti ń yan wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń da ìwé orúkọ náà kọ, orúkọ tó lé ní ọgọ́ta dàwátì, ọ̀pọ̀ ọmọ Àgùdà sì wà nínú wọn. Ìjọba ní àṣìṣe ni. Wọ́n wá fa orúkọ 48 yọ nínú èyí tó kù. Olùpẹ̀jọ́ lè pa méjìlá rẹ́, olùjẹ́jọ́ lè pa méjìlá rẹ́. Smith, agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba, mú kálàmù, gbogbo ọmọ Àgùdà tó ṣẹ́kù ló pa rẹ́. Nínú ìlú tí ọmọ Àgùdà ti pọ̀ jù, olórí àwọn ọmọ Àgùdà dúró níwájú júrì tí kò sí ọmọ Àgùdà kan ṣoṣo nínú wọn. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ti Dublin tún burú ju ìyẹn lọ, torí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ẹni méjì, etí tí wọ́n fi gbọ́ ọ ni wọ́n ti yàn tẹ́lẹ̀.

Ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Four Courts ní àárín oṣù Kìíní ọdún 1844, ó sì wọ oṣù Kejì. Nígbà kan, inú bí agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba sí ọ̀kan nínú àwọn agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ débi pé ó kọ ìwé sí i pé kó wá bá òun ja ìjà ìbọn. Ẹni tó ń pe àwọn ẹlòmíì lẹ́jọ́ pé wọ́n ń da ìlú rú nìyẹn. Adájọ́ àgbà, Pennefather, nígbà tó ń ṣàlàyé ẹjọ́ fún júrì, pe àwọn agbẹjọ́rò O'Connell ní àwọn ẹgbẹ́ kejì, bí ẹni pé òun náà wà ní ẹgbẹ́ kan. Júrì ní wọ́n jẹ̀bi.

O'Connell kò dúró sílé. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó wọ ilé aṣòfin, àwọn alátakò Peel sì hó fún un. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, ó padà wá gba ìdájọ́. Adájọ́ Burton ló kà á. Wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò rí, omi sì ń bọ́ lójú bàbá náà bó ti ń kà á. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Owó ìtanràn £2,000. Kó tún wá onídùúró, kó sì fi £5,000 dá ara rẹ̀ lójú pé kò ní da ìlú rú fún ọdún méje. Kó tó wọ ẹ̀wọ̀n Richmond ní Dublin, ó ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú pé ẹni tó bá fẹ́ràn òun kó má ṣe ju òkò. Wọn ò ju òkò.

Ẹ̀wọ̀n náà kò le. Ilé tí olórí ẹ̀wọ̀n ń gbé ni wọ́n fi wọ́n sí, àlejò ń wọlé, oúnjẹ ń wá. Mi ò ní fi ìyẹn pè é ní ẹni tó jìyà ju bó ṣe jìyà lọ. Ẹni ọdún 68 náà sì ni, tí wọ́n tì mọ́lé láìtọ́.

Wọ́n gbé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ sí Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé aṣòfin àwọn ọlọ́lá tó tún jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rèé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Àwọn ẹ̀sùn kan nínú mọ́kànlá náà kò dúró lábẹ́ òfin. Ohun tí júrì sì sọ lórí àwọn mìíràn kò bá ohun tó wà nínú ìwé mu. Àwọn adájọ́ Dublin ní kò sí ìṣòro, ẹ̀sùn kan tó bá ti dúró ti tó. Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí: wọ́n mú ẹnì kan pé ó jí ewúrẹ́, pé ó jí adìyẹ, pé ó sì wo aládùúgbò rẹ̀ níwòkuwò. Wọ́n ní ó jẹ̀bi gbogbo rẹ̀, wọ́n fún un ní ọdún kan. Lẹ́yìn náà la wá rí i pé ìwòkuwò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Oṣù mélòó nínú ọdún náà ló jẹ́ ti ìwòkuwò? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ǹjẹ́ ìdájọ́ yẹn lè dúró?

Wọ́n bi àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì; ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kó dúró. Ó wá ku àwọn Lọ́ọ̀dù tó mọ òfin, márùn-ún. Lyndhurst àti Brougham ní kó dúró. Denman, Cottenham àti Campbell ní kó ṣubú. Denman kò fi mọ síbẹ̀: ó sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe yan júrì, ó ní bí wọ́n bá lè máa ṣe irú èyí, ìgbẹ́jọ́ níwájú júrì á di ẹ̀tàn, á di ẹ̀sín, á di ìdẹkùn.

Mẹ́ta sí méjì. Ṣùgbọ́n àwọn Lọ́ọ̀dù yòókù tó wà nínú ilé náà lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, tí wọn kì í ṣe agbẹjọ́rò, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ti ẹgbẹ́ Peel, ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Àwọn kan sì ti fẹ́ dìbò. Ọwọ́ díẹ̀ báyìí ni wọ́n ì bá fi há O'Connell mọ́ ẹ̀wọ̀n. Lord Wharncliffe ló dìde, mínísítà nínú ìjọba tó pe O'Connell lẹ́jọ́. Ó ní bí àwọn tí kò gbọ́ òfin bá fi ìbò yí ìdájọ́ àwọn tó gbọ́ ọ padà, kò sẹ́ni tó tún máa ka ilé náà sí ilé ẹjọ́ mọ́. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀, wọ́n jáde. Ìdájọ́ Dublin ṣubú. Láti ọjọ́ náà, ìlànà náà dúró pé Lọ́ọ̀dù tí kò mọ òfin kì í dá sí ìdájọ́ mọ́, títí iṣẹ́ ìdájọ́ fi kúrò nílé náà ní 2009. Mo máa ń dárúkọ Wharncliffe nígbàkigbà tí mo bá ń sọ ìtàn yìí, torí ọ̀tá tó bá ṣe òótọ́ lọ́jọ́ tí òótọ́ náà máa dun ẹgbẹ́ rẹ̀, ó yẹ ká rántí orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 6 ni O'Connell jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ 7, ó padà lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n, kí wọ́n lè wá fi ayọ̀ mú un kúrò níbẹ̀. Wọ́n gbé e gun ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin gíga kan tí wọ́n kàn nípele-nípele, ẹṣin mẹ́fà ń fà á; ọkọ̀ náà wà nílé rẹ̀ ní Derrynane títí di òní. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé aṣòfin àtijọ́ tó ti di báńkì, ó ní kí wọ́n dúró. Ó na ọwọ́ sí ilé náà. Kò sọ nǹkan kan. Èrò hó gèè.

Nǹkan kan wà tí mi ò lè ṣàìsọ fún ẹ̀yin tó ń kà á ní èdè Yorùbá. Ní 1843 yẹn kan náà, àwọn èèyàn wa wà lóko ìrèké ní Kúbà tí wọ́n ń pè wọ́n ní Lukumí, wọ́n wà ní Bahia tí wọ́n ń pè wọ́n ní Nàgó. O'Connell wà lára àwọn tó ń pariwo jù nílé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù pé kí òwò ẹrú àti oko ẹrú parẹ́ ní gbogbo ayé. Àwọn ọmọ Áyálándì ní Amẹ́ríkà ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì nílò owó náà gan-an lọ́dún àpéjọ. Síbẹ̀ ó bú àwọn olóko ẹrú ní gbangba, àwọn ẹgbẹ́ kan ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sì tú ká nítorí ẹ̀. Lọ́dún 1845, Frederick Douglass, tó sá kúrò lóko ẹrú, wá sí Dublin, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu rẹ̀.

Ohun tó kù kò gùn. Pòtétò tí tálákà Áyálándì ń jẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà nínú ilẹ̀ láti 1845. Àwọn ọ̀dọ́ The Nation yapa kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní 1846, torí ó ní kí wọ́n búra pé ìjà kò sí nínú ọ̀nà àwọn láé. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1847, ó dìde nílé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù fún ìgbà ìkẹyìn. Ohùn tó dé etí ọ̀kẹ́ àìmọye ní Tara, àwọn tó wà nítòsí ló ń tẹ̀ síwájú kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Ó ní Áyálándì wà lọ́wọ́ wọn, pé bí wọn kò bá gbà á, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn èèyàn ibẹ̀ á kú. Ó forí lé Róòmù, kò dé ibẹ̀. Ó kú ní Genoa lọ́jọ́ 15 oṣù Karùn-ún. Wọ́n gbé ọkàn rẹ̀ lọ sí Róòmù, wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Dublin lóṣù Kẹjọ. Glasnevin ni wọ́n sin ín sí, ibojì tí òun fúnra rẹ̀ jà fún kí wọ́n tó ṣí i ní 1832, kí ọmọ Àgùdà tó bá kú lè rí ibi tí wọ́n á ti gbàdúrà lé e lórí láìsí ẹni tó máa lé wọn.